Èwo Ló Tóbi Jù Nínú Wọn?

Ẹ fojú inú wo ojú ìwé kan tí wọ́n ya àpótí kéékèèké 12 sí. Mẹ́fà wà lápá òsì, mẹ́fà wà lápá ọ̀tún, ìlà kan sì dá wọn sí méjì. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ní igun, òmíràn rí róbótó, òmíràn tún wà tí a ò lè fún lórúkọ, tó kàn rí wọ́gọwọ̀gọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí lápá òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe rí lápá ọ̀tún. Ìbéèrè ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni gbogbo àwọn tòsì fi jọra, tí kò sí lára ẹyọ kan nínú àwọn tọ̀tún?

Ẹni tó bá wò ó díẹ̀ yóò ti dáhùn. Àwọn tòsì tóbi, àwọn tọ̀tún kéré. Àlọ́ kejì nìyẹn nínú 100 àlọ́ àwòrán tí Mikhail Bongard, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Soviet, fi parí ìwé kan tó tẹ̀ jáde lédè Rọ́ṣíà ní 1967. Ní 1970 wọ́n tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Bongard ni wọ́n sì ń fi pe irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ó rọrùn, kò sì yẹ kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé ẹyọ àwòrán kan kúrò lápá òsì, ká gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ kó rí àwọn tó kù, ká ní kó sọ gbogbo ohun tó rí. Yóò ka igun rẹ̀. Yóò sọ bóyá inú rẹ̀ ṣófo tàbí ó dúdú. Yóò sọ bóyá etí rẹ̀ gún tàbí ó kákò. Kò ní sọ pé ó tóbi, nítorí kò rí ohun tí yóò fi wé. Bó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó fi mọ̀. Ẹ ó rí i pé ó ti fi wé nǹkan kan láìfura: bóyá etí bébà náà, bóyá àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, bóyá àpótí tí wọ́n ya àwòrán náà sí. Igun mẹ́ta wà lára àwòrán. Dúdú wà lára àwòrán. Ìtóbi ò sí lára àwòrán kankan; àárín àwòrán kan àti òmíràn ló ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ fi orí yìí sọ nìyẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo àlọ́ tó dá lórí ìtóbi ti ń mú èèyàn, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mú ẹ̀rọ.

Bongard kò ya àwọn àlọ́ yìí fún eré. Ní àwọn ọdún 1960, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá nǹkan mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í tó ń ka òfin fún un. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà wọn ṣe ni yíya ìpele ilẹ̀ tó ní epo rọ̀bì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ pé omi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún ẹ̀rọ ní àpẹẹrẹ méjèèjì, ẹ̀rọ sì wá ohun tó yà wọ́n nípa. Iṣẹ́ kan náà ni àlọ́ àwòrán ń gbé fún wa: mẹ́fà rèé, mẹ́fà mìíràn rèé, kí ló yà wọ́n? Àmọ́ nínú iṣẹ́ epo, àwọn èèyàn ti yan ohun tí wọ́n máa wọ̀n sílẹ̀ de ẹ̀rọ, iye ló kàn ń kà. Nínú àlọ́, kò sẹ́ni tó yan ohunkóhun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí a lè gbà ṣàpèjúwe àwòrán kan kò lóǹkà, a sì gbọ́dọ̀ dárúkọ èyí tó wúlò nínú wọn kí a tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan wé nǹkan.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà nígbà tí àwòrán méjì bá wọ inú àpótí kan. Lára 100 yẹn, ọ̀kan wà tí onígunmẹ́ta kan àti róbótó kan jọ ń gbé inú àpótí kọ̀ọ̀kan. Lápá kan, onígunmẹ́ta ló ń ju róbótó lọ. Lápá kejì, róbótó ló ń ju onígunmẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ya irú rẹ̀ nílé, ẹ ṣe é báyìí. Nínú àpótí àkọ́kọ́ lápá òsì, ẹ ya onígunmẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3, kẹ́ ẹ ya róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú èkejì, kí onígunmẹ́ta ga ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, kí róbótó rẹ̀ wá rí bíńtín, kó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ sọdá sí apá ọ̀tún: onígunmẹ́ta sẹ̀ǹtímítà 2, róbótó sẹ̀ǹtímítà 4.

Ẹ wá wò ó. Onígunmẹ́ta apá ọ̀tún yẹn ga ju ọ̀kan nínú àwọn onígunmẹ́ta apá òsì lọ, ó sì kúrú ju èkejì lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo onígunmẹ́ta jọ, tó ń fi rúlà wọ̀n wọ́n, yóò wọ̀n wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí ìdí ọ̀rọ̀. Rúlà rẹ̀ ò parọ́, iye tó kọ sílẹ̀ pé. Ohun tó fi wé ara wọn ni kò tọ́. Onígunmẹ́ta yẹn kò bá àwọn onígunmẹ́ta inú àpótí mìíràn du nǹkan kan. Róbótó tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Mo gbé irú àlọ́ yìí síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kẹta ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là wọn onígunmẹ́ta kan, ó gbé ọwọ́ náà bó ṣe wà lọ sórí òmíràn, ó tún gbé e lọ sórí òmíràn. Nǹkan ò bá nǹkan mu. Ó jáwọ́, ó ń wo ìwé náà. Nígbà tó yá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo gbogbo àpótí yòókù, ó ṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kù, ó ní, "Àǹtí, onígunmẹ́ta yìí kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ." Ó ká ọwọ́ kúrò, ó bo òmíràn, ó ní, "Èyí náà ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ." Lẹ́yìn èyí, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ tó fi bo ìwé yẹn ni mo ń fi kọ́ àwọn àgbàlagbà báyìí. Bí àlọ́ kan bá há síbi ìtóbi, ẹ bo èyí tó pọ̀, kẹ́ ẹ wo ẹyọ kan pẹ̀lú ohun tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan. Bí ìyẹn ò bá so èso, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wá wò wọ́n káàkiri. Ọ̀nà méjèèjì ò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ra.

Àlọ́ mìíràn tún wà nínú ìwé Bongard tó gbé ọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀ yẹn. Àwòrán tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan pọ̀ díẹ̀. Lápá kan, àyè tí wọ́n gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lápá kejì, ọ̀kan á tóbi, èkejì á kéré gan-an. Ní irú èyí, "ó tóbi" tàbí "ó kéré" kò wúlò fún yín mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà nínú àpótí kan lẹ ó fi wé ìyàtọ̀ tó wà nínú òmíràn. Àwọn tó bá ń yára jù máa ń kùnà níbí, torí wọ́n ti di ẹyọ àwòrán kan mú, wọn ò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kí èèyàn tó sọ pé ọmọ ènìyàn nìkan ló ní irú ọgbọ́n yìí, ó yẹ kó gbọ́ ìtàn àwọn adìẹ Wolfgang Köhler. Ará Jámánì ni Köhler. Láti 1913 sí 1920 ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Tenerife, ilẹ̀ Sípéènì tó wà lórí òkun ní ìwọ̀ oòrùn àríwá Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn ìnàkí fún ìwádìí. Ó tẹ́ bébà méjì fún adìẹ. Àwọ̀ eérú ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣú ju èkejì lọ. Ó da ọkà sórí wọn. Orí ọ̀kan ni wọ́n ti ń jẹ́ kí adìẹ jẹun. Bó bá ti kọrí sí èkejì, wọ́n á lé e. Ká sọ pé èyí tó ṣú ni wọ́n jẹ́ kó máa jẹ. Nígbà tí adìẹ ti mọ ibi tí oúnjẹ wà, Köhler gbé bébà tó mọ́ kúrò, ó sì fi èyí tó tún ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Bébà tí adìẹ mọ̀ rí ṣì wà níbẹ̀, níwájú rẹ̀ gbangba. Lọ́pọ̀ ìgbà, adìẹ fi í sílẹ̀, ó lọ sórí àjèjì bébà tó ṣú jù. Kì í ṣe àwọ̀ kan pàtó ló kọ́. Ohun tó wà láàárín àwọ̀ méjì ló kọ́. Köhler tẹ ìwádìí náà jáde ní 1918.

Kenneth Spence, ará Amẹ́ríkà, kò gbà. Ní 1937 ó kọ̀wé pé kò pọn dandan kí ẹranko lóye àjọṣe kankan. Ohun tí ẹranko kọ́ nípa ìwọ̀n kan, ó ní, máa ń ràn dé ara àwọn ìwọ̀n tó sún mọ́ ọn. Nítorí náà bí àwọn méjì tuntun bá jìnnà gan-an sí ti àkọ́kọ́, idán náà á bàjẹ́. Ìdáhùn tó gún régé jù lọ sí àríyànjiyàn yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ní 1946, Margaret Kuenne kọ́ àwọn ọmọ tí wọn ò tíì tó iléèwé tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti máa yan ọ̀kan nínú onígunmẹ́rin méjì tí ìtóbi wọn yàtọ̀. Nígbà tó mú onígunmẹ́rin méjì mìíràn wá, tí ìtóbi wọn kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́, gbogbo wọn ṣe é. Nígbà tó mú àwọn tí ìtóbi wọn jìnnà pátápátá wá, àwọn ọmọ tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í yan yànkuyàn, gẹ́gẹ́ bí Spence ti sọ ọ́ nípa ẹranko. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ò ṣìnà. Àwọn wọ̀nyí náà ni wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ pé ìtóbi ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí ju ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ, torí ó sọ ohun kan tí òbí àti olùkọ́ lè lò láàárọ̀ ọ̀la. Bí ọmọ bá yan èyí tó tọ́, ẹ má tíì yìn ín. Ẹ bi í ní ìdí. Ẹ jẹ́ kó fẹnu sọ ohun tó fi wé ohun. Ọmọ tó ń sọ ọ́ jáde ń gbé òfin náà kúrò lára àwòrán tó wà níwájú rẹ̀, yóò sì lè gbé e lọ síbi tó jìnnà.

Ní báyìí, ká wá sórí ojú gan-an, torí ojú kì í ṣe rúlà. Ernst Heinrich Weber, oníṣègùn ará Jámánì, ti fi hàn ní 1834 pé ìyàtọ̀ tó kéré jù tí èèyàn lè mọ̀ lára nǹkan méjì máa ń pọ̀ bí nǹkan náà bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10, kẹ́ ẹ fa ti sẹ̀ǹtímítà 10 àtààbọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á mọ èyí tó gùn jù. Ẹ wá fa ti sẹ̀ǹtímítà 100 àti 100 àtààbọ̀ sára ògiri. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà kan náà ni ìyàtọ̀ wọn, ojú ò sì ní rí i. Ẹni tó bá ń ṣe àlọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ èyí: àfikún tó hàn kedere lára àwòrán kékeré lè pòórá lára àwòrán ńlá, olúwarẹ̀ á sì rò pé ẹni tí òun fún ní àlọ́ ni kò gbọ́n.

Àyè tí àwòrán gbà tún le ju gígùn lọ. S. S. Stevens ti Yunifásítì Harvard lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣírò bí ohun tí a ń rí ṣe ń tẹ̀ lé ohun tó wà níta. Ti gígùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: ìlà tó gùn ní ìlọ́po méjì máa ń jọ ìlọ́po méjì lójú. Ti àyè kò rí bẹ́ẹ̀. Róbótó tó gba àyè ìlọ́po méjì ti òmíràn máa ń jọ bíi pé kò ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wá sọ ìbú róbótó di ìlọ́po méjì, àyè tó gbà ti di ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì àtààbọ̀ àti díẹ̀ ni ojú á kà á sí. Abájọ tí William Cleveland àti Robert McGill fi gba àwọn tó ń fi àwòrán ṣàlàyé iye ní ìmọ̀ràn ní 1984 pé kí wọ́n máa lo gígùn dípò àyè. Nínú àlọ́, ẹni tó bá sọ pé "èyí ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì" gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìbú ni òun ń sọ tàbí àyè, torí ìdáhùn méjèèjì ò dọ́gba.

Bí àwòrán ṣe rí náà tún ń dá sí i. Ẹ ya èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 8 lóòró, sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú. Ẹ ya onígunmẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3-3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè àkọ́kọ́ jẹ́ 8, ti èkejì jẹ́ 9. Ojú sábà máa ń gbè sẹ́yìn èyí tó gùn. Jean Piaget, ará Swítsálándì, rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé nígbà tó da omi láti inú ife gbàgìdì sínú ife tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ níṣojú wọn: ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún á ní omi náà ti pọ̀ sí i. Tó bá fi máa di bí ọmọ ọdún méje, ọ̀pọ̀ wọn á ti mọ̀ pé omi kan náà ni. Wọ́n ti kọ́ láti fi ìbú wọ inú ìṣirò, kí gíga má dá a ṣe.

Ohun tó tún ń kó bá ojú jù lọ ni àwọn aládùúgbò àwòrán. Joseph Delboeuf, ará Bẹ́ljíọ̀m, kọ nípa rẹ̀ ní 1865: bí ẹ bá fi òrùka ńlá tó jìnnà yí róbótó kan ká, róbótó náà á kéré lójú, bí ẹ bá fi òrùka tó fún mọ́ ọn yí i ká, á tóbi sí i. Ṣíbí ìrẹsì mẹ́ta nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣíbí mẹ́ta kan náà nínú àwo tó gbà á gẹ́lẹ́ kì í jọra lójú ẹni tébi ń pa. Èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Hermann Ebbinghaus tún lágbára ju ìyẹn lọ. Róbótó méjì tó dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Àwọn róbótó ńláńlá yí ọ̀kan ká, àwọn róbótó wẹ́wẹ́ yí èkejì ká. Èyí tó wà láàárín àwọn ńlá máa kéré lójú, èyí tó wà láàárín àwọn wẹ́wẹ́ máa tóbi. Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi rúlà wọ̀n wọ́n tán, tẹ́ ẹ ti gbà pé wọ́n dọ́gba, ojú ò ní gbà.

Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni ojú gbogbo ọmọ aráyé rí. Ní 2007, Jan de Fockert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán yìí lọ bá àwọn Himba, àwọn darandaran tó ń gbé àríwá Nàmíbíà. Ìtànjẹ náà kò mú wọn tó bó ṣe ń mú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi wé wọn. Róbótó àárín ni wọ́n ń wò, àwọn tó yí i ká ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2012 wá fi hàn pé àwọn Himba tó ti mọ́ra pẹ̀lú ìgbésí ayé ìlú ń sún mọ́ ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ńlá ń gbà rí i. Ojú tó ti ń gbé láàárín ìdàrúdàpọ̀ ìlú kì í yé fi nǹkan wé ohun tó yí i ká, bóyá olójú fẹ́ tàbí kò fẹ́.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí bí wọ́n ṣe ń fi àlọ́ àwòrán díwọ̀n ọgbọ́n èèyàn bí ẹni wọn gaàrí. Láti 1938, nígbà tí John Raven ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdánwò rẹ̀ jáde, nínú èyí tí èèyàn máa ń wá ẹyọ tó sọnù láàárín àwọn àwòrán tó ń yí padà ní títò-títò, wọ́n ti lo irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, fún àwọn ọmọ iléèwé, fún àwọn tó ń wá iṣẹ́. Ìdánwò náà wúlò, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba ìdáhùn kan ṣoṣo, ìtóbi kì í sì í ní ìdáhùn kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Ẹ padà sórí àlọ́ kejì ti Bongard. Bí ọmọ kan bá dáhùn pé, "Àwọn tòsì ò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ nínú àpótí wọn," òtítọ́ ló sọ. Ó fi àwòrán wé àpótí rẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn fi àwọn tòsì wé àwọn tọ̀tún. Kò sí ìdí kankan tí olùkọ́ á fi fa igi pupa sí i. Ìbéèrè tó yẹ kó bi í ni pé, ká ní a ya àwòrán kan náà sínú àpótí tó tóbi ní ìlọ́po méjì ńkọ́, apá wo ni yóò lọ? Ibẹ̀ ni ìdáhùn méjèèjì yóò ti pínyà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹni tó sọ àwọn àlọ́ Bongard di ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni Douglas Hofstadter, nínú ìwé rẹ̀ Gödel, Escher, Bach, tó jáde ní 1979 tó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ẹni tó ń wá ìdáhùn máa ń kọ àpèjúwe, á rí i pé kò bá a mu, á pa á rẹ́, á tún òmíràn kọ. Wíwò àti ríronú kì í tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni tó kọ́kọ́ jẹun tó wá mu omi. Wọ́n jọ ń ṣẹlẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Indiana, Harry Foundalis, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Phaeaco láti máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2006. Ètò náà yanjú díẹ̀ nínú àwọn àlọ́ Bongard. Èyí tó pọ̀ jù ló kọjá agbára rẹ̀.

Ní 2019, François Chollet, ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Google nígbà náà, gbé àkójọ àlọ́ tuntun kan tó pè ní ARC síta láti fi dán ẹ̀rọ wò. Ojú pátákó kéékèèké tó pín sí ojúlé-ojúlé ni, àwọ̀ 10 ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n á fi àpẹẹrẹ díẹ̀ han ẹni tó ń ṣe é, bí pátákó ṣe rí kí òfin tó kàn án àti bó ṣe rí lẹ́yìn náà, olúwarẹ̀ á wá fi òfin tó rí ṣe pátákó tó gbẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bá ọ̀rọ̀ wa mu gẹ́lẹ́. Pátákó náà ní ojúlé 9 lóòró, 9 ní ìbú. Òpó mẹ́rin aláwọ̀ eérú dúró sórí rẹ̀, gíga wọn ò dọ́gba, wọn ò sì tò láti èyí tó ga dé èyí tó kúrú. Lórí pátákó tí òfin ti kàn, èyí tó ga jù ti di aláwọ̀ búlúù, èyí tó tẹ̀ lé e di pupa, ẹ̀kẹta di aláwọ̀ ewé, èyí tó kúrú jù di aláwọ̀ yẹ́lò.

Kọ̀ǹpútà lè ka ojúlé inú òpó kọ̀ọ̀kan láìṣàṣìṣe, kí ojú tó ṣẹ́. Èyí ò ràn án lọ́wọ́, torí nínú àpẹẹrẹ kejì gíga àwọn òpó náà ti yàtọ̀. Òpó tó ga ní ojúlé 6 lè jẹ́ búlúù níbí kó sì jẹ́ pupa lọ́hùn-ún. Bí ẹ̀rọ bá so àwọ̀ mọ́ iye ojúlé, ó ti ṣìnà bíi ti ẹni tó fi rúlà wọn gbogbo onígunmẹ́ta. Bó bá so àwọ̀ mọ́ ibi tí òpó dúró sí, láti òsì sí ọ̀tún, ó tún ti ṣìnà. Ipò tí òpó kan wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ ń tẹ̀ lé, ipò yẹn kò sì sí nínú ojúlé kankan tí ẹ̀rọ lè kà. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti tò lórí ìlà láti kúkúrú dé gíga mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ARC ṣe ní 2020, ètò kọ̀ǹpútà tó gba ipò kìíní kò yanjú ju bí ìdá 20 nínú 100 lọ. Ó gba ọdún mẹ́rin kí nǹkan tó yí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ OpenAI ṣe, tó ń jẹ́ o3, gba 75.7 nínú 100. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó na agbára kọ̀ǹpútà tó pọ̀ gan-an lórí rẹ̀, ó gba 87.5. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n gbé ẹ̀dà kejì ARC jáde, èyí tí òfin méjì tàbí mẹ́ta ti lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí pátákó kan ṣoṣo, tí òfin kan sì lè yí padà nítorí ohun tó wà nítòsí. Kí wọ́n tó gba àlọ́ kankan wọlé, ó kéré tán èèyàn méjì, lára àwọn ará ìta tí wọ́n pè wá, gbọ́dọ̀ ti yanjú rẹ̀ láàárín ìgbìyànjú méjì. Ní ọjọ́ tó jáde, kò sí ẹ̀rọ kankan tó tó ìdá 10 nínú 100 lórí rẹ̀.